Ẹ̀mí Tó Wà Nídìí Igbà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tó mọ iyì ẹ̀mí, ẹ lọ wo Fábọ̀dé adẹ́mu ní kùtù òwúrọ̀, nígbà tó bá ń yẹ igbà rẹ̀ wò. Okùn líle ni igbà, imọ̀ ọ̀pẹ àti ìtàkùn ni wọ́n lọ́ pọ̀ fi ṣe é, òun sì ni adẹ́mu fi ń de ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ kó tó gùn ún. Ti Fábọ̀dé kì í sùn síta. Inú yàrá ló ń gbé, lórí ògiri lókè orí rẹ̀, níbi tí ẹlòmíràn ì bá gbé àwòrán ìyàwó rẹ̀ kọ́ sí. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò fi àtàńpàkò tọ gbogbo ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá fọ́nrán kan ti já. Yóò gbé e kọ́ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, yóò fẹ̀yìn tì í, yóò fà á, yóò tún fà á. Lẹ́yìn náà ni yóò wá mí kanlẹ̀, bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí olólùfẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn.

"Ẹ̀mí ló wà nídìí ẹ̀," ló máa ń wí.

Ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣunwùnmí, tó máa ń jókòó sórí àpótí nítòsí ibẹ̀, a sì dáhùn pé, "Ọmọ mi, o gbọ́n."

Ibi tó ti ń fa igbà yìí náà ni ìyàwó rẹ̀ bá a láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oyèfúnkẹ́ ti wà nídìí ẹ̀gẹ́ bíbó kí àkùkọ tó kọ tán. Ọwọ́ rẹ̀ funfun, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìjókòó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń rìn bó ṣe ń rìn láti ìgbà tó ti bí ọmọ náà, ọwọ́ kan ní ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tí dókítà ti là á, tí wọ́n sì rán an.

"Bàbá Akínlọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dé Massè lónìí. Agbẹ̀bí tó ń ti Adja-Ouèrè wá yóò wà ní ilé ìwòsàn. Òun ló ń fi igi sí apá."

Fábọ̀dé ò wo ojú rẹ̀. Igbà ló ń wò.

"Igi wo?"

"Igi tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ awọ, tí obìnrin ò fi ní lóyún fún ọdún mélòó kan. Mo ti sọ fún yín. Òní nìkan ló ń ṣe é. Lẹ́yìn òní, ó di oṣù tó ń bọ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n ní kí n máa mójú tó o?"

Òótọ́ ni, òun ni wọ́n sọ fún. Nígbà tí wọ́n gbé Oyèfúnkẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti là á, tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, agbẹ̀bí pe ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ilé ọmọ tí wọ́n rán kò tíì jinná. Ó ní bí oyún mìíràn bá tètè wọ inú rẹ̀, ó lè fà ya, ìyá lè kú, ọmọ lè kú. Wọ́n gún obìnrin náà lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún, abẹ́rẹ́ ò bá a lára mu, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà. Ni wọ́n bá ní kí ọkọ máa lo rọ́bà ọkùnrin, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kápótì, títí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi dá, tí igi apá yóò sì dé. Ọ̀fẹ́ ni. Fábọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì gba páálí náà, ó dọ̀bálẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ò rí irú ọkọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀ ń mójú tó o," ni Oyèfúnkẹ́ wí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìyá ọkọ. "Ìgbà wo lẹ lò ó? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ béèrè, ẹ ní ó ti tán. Ẹ ní wọn ò ní in mọ́ ní ilé ìwòsàn."

"Wọn ò ní in mọ́. Ṣé kí n lọ hun ún ni?"

"Ìdí ẹ̀ rèé tí mo fi fẹ́ lọ."

"Mo ní mò ń ṣọ́ra. Mo máa ń yọ kúrò lásìkò." Ó yí ojú sí i wàyí, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ń gbé kèrègbè kún fọ́fọ́ sọ̀kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ, tí ẹ̀kán kan kì í dà sílẹ̀?"

Ọkùnrin tó bá ti ń fi ara rẹ̀ wé kèrègbè, kí obìnrin yáa wá ibi sá sí. Oyèfúnkẹ́ ò rí ibi sá sí. Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù ti jókòó ti abọ́ gàrí tí wọ́n rẹ sómi, wọ́n ń retí kó wá pín in.

"Kí lẹ ń sọ tí mi ò gbọ́?" ni Ọ̀ṣunwùnmí béèrè.

"Ìyàwó yín ló fẹ́ lọ fi igi há ara, Ìyá."

"Igi?" Ìyá arúgbó náà yọ orógbó kúrò lẹ́nu. "Ẹni tó fi igi há ọ̀nà, ó ní kí àlejò má wọlé nìyẹn. Ta ni kò fẹ́ kó wá? Ṣé bàbá rẹ tó kú? Èmi bí mẹ́jọ nínú yàrá yẹn, ẹnikẹ́ni ò fi igi há mi."

Òótọ́ ni, ó bí mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó bi í pé mélòó ló kù. Òun náà ò sọ.

Fábọ̀dé kó igbà sí èjìká, ó kó kèrègbè àti àáké rẹ̀.

"Mi ò fọwọ́ sí i," ló wí. "Bí o bá dé Massè lónìí, Ìyá ni yóò gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Kí ẹ ro ọkà sílẹ̀ dè mí. Ẹran ìgbẹ́ tó kù, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Oòrùn ò tíì mú nígbà tí Àlàgbé dé. Àbúrò bàbá Fábọ̀dé ni. Bí nǹkan bá fẹ́ yí padà ní ilé náà, òun ni Ọ̀ṣunwùnmí máa ń ránṣẹ́ pè kó wá dá a padà sí ipò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè ẹmu. Wọ́n bu ẹmu fún un. Ó gbá a mu, ó nu irùngbọ̀n, ó wá pe Oyèfúnkẹ́.

"Ìyàwó wa, ọkọ rẹ ti ṣe ohun tí ọkùnrin kì í ṣe. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa níbi tí a ti ń mu ẹmu, pé òun ń wọ kápótì nítorí tìrẹ. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. A ní ṣé òjò ló ń rọ̀ nínú yàrá yín ni. Ó ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́, ẹ gbọ́ mi. Kí lo wá tún ń wá lọ sí Massè?"

Oyèfúnkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, kò wọ nǹkan kan rí. Ó ní ó ti tán."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Àlàgbé wo Ọ̀ṣunwùnmí. "Nínú àwọn méjèèjì, ta ló ń parọ́?"

"Obìnrin ni," ni Ọ̀ṣunwùnmí dáhùn, bí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin.

"Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni, èmi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí baálé ilé bá ti ní rárá, ó ti di rárá."

"Bàbá, dókítà ní ó lè fà ya. Bí mo bá kú ńkọ́?"

"A ò ní gbọ́ ikú," ni Àlàgbé wí, ó sì na igbá pé kí wọ́n bu sí i.

Bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Wọn kì í ṣe ohun tí ikú ò fi ní wá. Wọ́n kàn ní àwọn ò ní gbọ́ ọ ni.

Ní òdìkejì àgbàlá, Nùsírátù, obìnrin aládùúgbò tí òun àti Oyèfúnkẹ́ jọ ń yan gàrí pọ̀, ti ń ro inú agbada láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gàrí inú agbada náà ti gbẹ tipẹ́. Etí rẹ̀ ló ń yan. Nígbà tí Oyèfúnkẹ́ padà sídìí ẹ̀gẹ́, ó fà sún mọ́ ọn.

"Oyè, ṣé o ti bó o tán?"

"Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Fi díẹ̀ yẹn sílẹ̀. Gbé agbọ̀n rù, ká lọ rin ín lẹ́rọ."

"Ìyá ní mi ò gbọdọ̀ kúrò nílé."

"Ìyá ní o ò gbọdọ̀ dé Massè. Ìyá ò ní kí ẹ̀gẹ́ má dé ẹ̀rọ. Ta ló ń jẹ gàrí jù nílé yìí?" Ó gbé ohùn sókè kí ìyá arúgbó lè gbọ́. "Ìyá, ẹ̀gẹ́ yìí yóò kan mọ́ wa lọ́wọ́ bí a ò bá tètè gbé e lọ o."

"Ẹ gbé e lọ," ni Ọ̀ṣunwùnmí dáhùn. "Kó fi ọmọ sílẹ̀."

"Ọmọ tó ń mu ọmú? Ẹ̀yin ni ẹ máa fún un ni, Ìyá?"

Àlàgbé bú sẹ́rìn-ín, ẹmu gbà á lọ́nà ọ̀fun. Kí ikọ́ rẹ̀ tó dá, wọ́n ti jáde. Ní ibi ẹ̀rọ, Nùsírátù gba agbọ̀n Oyèfúnkẹ́ lé ti ara rẹ̀, ó ní, "Èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ lónìí, mo ti rí i. Ó máa pẹ́ kó tó kàn wá. Máa lọ."

Ní ilé ìwòsàn Massè, agbẹ̀bí náà rántí rẹ̀. Bí Oyèfúnkẹ́ ṣe wọlé báyìí ló ti pariwo ìdùnnú, lójú gbogbo àwọn obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyàwó Fábọ̀dé. Ọkọ rere ńkọ́?"

Oyèfúnkẹ́ rò pé ó ṣì í mọ̀ ni.

"Ọkọ mi?"

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkùnrin ò ṣe é bá sọ̀rọ̀." Agbẹ̀bí yíjú sí bẹ́ǹṣì. "Ọkọ obìnrin yìí, fúnra rẹ̀ ló ń wá gba kápótì níbí. Ojú kì í tì í. Kò jẹ́ kó tán nílé. Kódà, bí a bá fún un ní páálí kan, yóò bẹ̀ wá pé ká fi kún un. Kò tíì pẹ́ tó lọ. Òun ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ fún àwọn tó kù."

Àwọn obìnrin náà wo Oyèfúnkẹ́ bí ẹni wo ìyàwó ọba. Ọ̀kan ní, "Kí Ọlọ́run ṣe tèmi náà bẹ́ẹ̀."

Oyèfúnkẹ́ wá ibi jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Páálí lórí páálí. Ta ló ń lò wọ́n fún? Ìfẹ́ ni nǹkan tó burú jù láyé yìí. Obìnrin lè gbàgbé ìrora ikùn tí wọ́n là, kó máa rántí ohùn tí ọkùnrin fi pè é ní ọjọ́ kan lábẹ́ ọ̀pẹ, nígbà tó gbé ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá fún un tó ní, "Ìwọ ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ẹyinjú mi." Ó ń to àwọn obìnrin agbègbè náà lọ́kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Opó tó ń ta epo ní Kpoulou? Èyí tó ń rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní Oko-Akarè? Ó bá gbogbo wọn jà nínú ara rẹ̀, ó sì pàdánù. Kí wọ́n tó pè é, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Agbẹ̀bí ní kí òun tó fi igi sí i, òun fẹ́ rí ìtọ̀ rẹ̀. Oyèfúnkẹ́ mú ife kékeré lọ síbi kọ̀rọ̀, ó gbé e padà wá. Agbẹ̀bí yẹ ìtọ̀ náà wò, ó dúró pẹ́ níwájú fèrèsé. Nígbà tó yí padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn?"

"Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ti dá, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ọmú tí mò ń fún ọmọ ni."

"Kì í ṣe ọmú."

Oyèfúnkẹ́ wo apá òsì rẹ̀, níbi tí igi náà ì bá wọ̀. Ó fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni pé nǹkan dùn ún níbẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní lè fi sí i mọ́?"

"Kò wúlò mọ́." Agbẹ̀bí fa àga, ó jókòó tì í, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. "Rọ́bà tí ọkọ rẹ ń gbà, kí ló ń fi ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

"Gbọ́ mi. Òótọ́ ni màá sọ fún ọ. O lè gbé oyún yìí. A óò máa ṣọ́ ọ, ọsipitálì ńlá ní Pobè lo sì máa bí i sí. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ rẹ ò tíì jinná, mi ò ní tàn ọ́. O sì lè sọ pé o ò ní gbé e, kí wọ́n yọ ọ́. Òfin ti gbà á báyìí, bí kò bá tíì dàgbà, bó bá sì jẹ́ pé dókítà ló ṣe é. Dókítà náà wà ní Pobè lọ́la. Má mu àgbo ẹnikẹ́ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki nǹkan bọ̀ ọ́ nínú."

"Ta ni wọ́n máa bi léèrè?"

"Ìwọ. Kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ìyá ọkọ."

Oyèfúnkẹ́ gbé ọmọ lé itan. Ọmọ ń fa etí aṣọ rẹ̀ jẹ.

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọkọ mi máa sọ," ló wí níkẹyìn.

Agbẹ̀bí wò ó títí. "Gbọ́ ọ," ló fèsì.

Kò tíì rìn jìnnà lọ́nà ilé tó fi rí Fiacre lábẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Fiacre ni onízémíjàn tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹmu Fábọ̀dé láti inú igbó Massè lọ tà ní Pobè. Ṣéènì ọ̀kadà ló já, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí rẹ̀.

"Màmá Akínlọ́lá, ẹ kú ìrìn. Ẹ dúró díẹ̀, màá gbé yín délé."

Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni Oyèfúnkẹ́ ń wò. Àpótí ìgò ẹmu wà níbẹ̀, wọ́n fi okùn dè é. Lẹ́nu ìgò kọ̀ọ̀kan, rọ́bà funfun kan wú, ó le, ó nà ró ganran. Gbogbo wọn dúró síbẹ̀ bí ọmọ ogun, wọ́n ń mì díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá.

"Kí nìyí?"

Fiacre nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn láti ṣàlàyé.

"Ọgbọ́n ọkọ yín ni. Ẹmu kì í fẹ́ kí wọ́n dí òun lẹ́nu. Bí oòrùn bá pa á, yóò ta ìdérí dànù, yóò dà sí mi lẹ́yìn títí dé Pobè. Ṣùgbọ́n èyí, bí ẹmu bá ṣe ń hó tó ni rọ́bà ń wú tó. Bí mo bá dé ọ̀hún, mo yọ ọ́, mo fi ìdérí gidi sí i, oníbàárà ò ní mọ̀. Gbogbo adẹ́mu ìhín ló ń fara wé e báyìí. Nǹkan yẹn lágbára, Màmá. Kì í já. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, ìkankan ò já rí."

Ọmọ na ọwọ́ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó fẹ́ gbá ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà náà mú. Ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́.

Oyèfúnkẹ́ fi ọwọ́ ti igi. Ká ní ti obìnrin mìíràn ni, à bá ní ojú ló tan Fábọ̀dé. À bá ní ara ló ta á, tàbí pé ọkàn rẹ̀ ló yí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìtàn wà nínú ìyẹn, ènìyàn lè fi í kọrin, obìnrin sì lè fi ṣe ẹkún tó bu iyì kún un. Orin wo ni wọ́n ń kọ fún aya tí ọkọ rẹ̀ mú ààbò ẹ̀mí rẹ̀ fi dí ẹnu ìgò?

"Fún mi ní ọ̀kan," ló wí.

"Ẹ mú un, Màmá. Ṣebí ti ilé yín náà ni."

Nígbà tó wọ àgbàlá, Fábọ̀dé ti dé láti oko. Ó jókòó ti ọkà, ẹran ìgbẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Àlàgbé ò tíì kúrò níbi tó wà láti àárọ̀, igbá ẹmu mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀ṣunwùnmí ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ti kó lọ sí Massè ni? Nùsírátù ti gbé ẹ̀gẹ́ dé tipẹ́. Ìwọ nìkan ni ẹ̀rọ ń rin láti àárọ̀."

Oyèfúnkẹ́ ò kúnlẹ̀. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ láàárín abọ́ ọkà Fábọ̀dé àti ẹsẹ̀ Àlàgbé. Oòrùn ọ̀nà ti mú kí rọ́bà náà wú sí i. Ó dúró gbọnrangandan láàárín àgbàlá bí ẹni tí wọ́n pè sí ìpàdé ẹbí.

Nùsírátù dáwọ́ gàrí yíyan dúró.

"Kí ló wà lẹ́nu ìgò yìí?" ni Àlàgbé béèrè.

"Kápótì ni, Bàbá. Èyí tí ọmọ yín ń wọ̀ nítorí tèmi."

Àlàgbé wo ìgò, ó wo igbá ọwọ́ ara rẹ̀, ó rọra gbé igbá náà sílẹ̀.

"Fábọ̀dé, ẹmu tí mò ń mu yìí, ṣé inú irú ìgò yìí ló ti wá?"

Ìyẹn ló ká a lára. Fábọ̀dé gbé ẹran mì, ó ń wá ojú ẹni tí yóò wò.

"Ó mọ́ tónítóní, Bàbá. Mo fi ọ̀run búra. Tuntun ni gbogbo wọn. Mi ò lo ìkankan rí."

Ẹnu ara rẹ̀ ló ti jáde. Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ tán. Nùsírátù jókòó sílẹ̀ nídìí agbada, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò dún.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," ló wí. "Ìgò ẹmu kan ò ní lóyún nílé yìí lọ́dún yìí."

"Nùsírátù, ta ló pè ọ́ sí i?" Fábọ̀dé dìde. "Ẹ̀yin ò mọ̀ pé ẹmu ń ṣòfò lọ́nà? Bó bá dà tán, kí lẹ máa jẹ? Kí n jẹ́ kí iṣẹ́ mi máa dà sílẹ̀, nígbà tí nǹkan tó lè dí i wà lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Oyún ti wà nínú mi," ni Oyèfúnkẹ́ wí.

Adìyẹ kan gba àárín wọn kọjá. Fábọ̀dé ṣì na ọwọ́ kan sókè, bó ṣe nà án nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ẹmu. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀ṣunwùnmí ló dìde. Orúnkún tó máa ń dùn ún kò dùn ún mọ́. Ó gbé ìgò náà nílẹ̀, ó fa rọ́bà kúrò lẹ́nu rẹ̀, afẹ́fẹ́ tú jáde pẹ̀ẹ́, ó sì ta ẹmu sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ sùn. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n fi igi há yín mọ́ ìta. Ọ̀nà yín là."

Ó ju rọ́bà náà nù. Adìyẹ sáré bá a, ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sílẹ̀.

"Ó parí," ni Àlàgbé wí. "Ọ̀run ti bá wa parí ìjà." Ó tún gbé igbá rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì mu ún.

Fábọ̀dé wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọkùnrin tí wọ́n dá láre níbi tí kò ti rò ó. Ó sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Ẹyinjú mi, ṣé o rí i? Ohun tó bá máa wá, yóò wá."

Oyèfúnkẹ́ kó abọ́ tó jẹun nínú rẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́.

Bí oòrùn ti ń rọ̀, tí Àlàgbé ti tẹ̀lé ọ̀pá rẹ̀ lọ sílé, Fábọ̀dé tún sọ igbà rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tọ okùn náà pẹ̀lú àtàńpàkò. Oyèfúnkẹ́ wá dúró síwájú rẹ̀.

"Agbẹ̀bí ní ó lè fà ya nínú mi kó tó tó àsìkò ìbí."

"A ò ní gbọ́ ọ."

Oyèfúnkẹ́ fún un láyè. Bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. Fábọ̀dé tẹ orí ba, ó gbé ibì kan lára igbà sún mọ́ ojú, ìwájú orí rẹ̀ hunjọ. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù gidi.

"Wo ibí," ló wí. "Fọ́nrán kan ti ń tú. Mi ò ní gun ọ̀pẹ lọ́la."

"Fọ́nrán kan?"

"Fọ́nrán kan tó. Ẹ̀mí mi ló wà nídìí ẹ̀."

"Bí Bàbá Àlàgbé bá ní kí ẹ gùn ún bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé Àlàgbé ló máa já bọ́ ni?"

"Bí Ìyá bá ní kí ẹ gùn ún?"

"Ìwọ náà." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ ló ń yẹ igbà wò. Mi ò lè fi ẹ̀mí mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Oyèfúnkẹ́ wò ó. Ó wo ọwọ́ tó ń ra okùn náà jẹ́jẹ́, ọwọ́ tó mọ̀ dáadáa.

"Ó dáa," ló wí.

Ó wọlé. Ó yọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó kó aṣọ ọmọ sínú àpò kékeré. Nígbà tó jáde síta, Nùsírátù ń pa iná ìdí agbada.

"Oyè, ẹ̀gẹ́ ọ̀la ńkọ́?"

"Ẹ bá mi bó o, ẹ̀gbọ́n. Mò ń lọ sí Pobè láàárọ̀."

Nùsírátù da omi sí eérú, ó ní, "Màá bó o."

Fábọ̀dé ò gbọ́ wọn. Ó ti gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó fẹ̀yìn tì í, ó dẹ etí sí okùn, ó ń gbọ́ bóyá yóò dún.